Ẹ Bi Wá Léèrè: Ta Ló Wọn Ilẹ̀ fún Ìkookò?

Nínú ìwé ìròyìn oṣù tí ó kọjá, a mẹ́nu ba ìkookò ní ìlà méjì péré. A sọ pé ẹranko tí ó jọ ajá yìí, tí ó ń gbé ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, kì í dá rìn bí ó bá ti ní ìdílé, àti pé agbo kan kì í gba agbo mìíràn láyè lórí ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà tí ìlà méjì yẹn fà láti Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà pọ̀ ju ti àwọn àkọlé ńláńlá wa lọ. Mo mú márùn-ún nínú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ ìkookò yẹn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́, ó ní: "Tísà, ta ló wọn ilẹ̀ fún wọn?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò rí èsì fún un. Báwo ni ẹranko tí kò ní ọgbà, tí kò ní ìwé ilẹ̀, ṣe ń mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí, báwo sì ni aládùúgbò rẹ̀ náà ṣe ń mọ̀ ọ́n?

ÈSÌ: Ẹ bá mi kí ọmọ náà dáadáa, Tísà, nítorí ìbéèrè rẹ̀ jinlẹ̀ ju bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rò lọ. Kò sí ẹni tí ó wọn ilẹ̀ fún ìkookò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wọ̀n ọ́n, imú ni ó fi ń wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ náà kì í sì í parí.

Kí a tó dé ìdí ààlà, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Agbo ìkookò kì í ṣe àjọ àwọn ẹranko tí wọ́n ṣe kòńgẹ́ ara wọn nínú igbó, ìdílé ni. Bàbá àti ìyá ni ó dá a sílẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yìí àti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tí wọn kò tíì jáde nílé ni ìyókù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn gbà pé ìjà ni ìkookò fi ń yan olórí, nítorí pé àwọn tí a kó jọ láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ọgbà ẹranko ní Basel, ní Switzerland, ni Rudolf Schenkel wò kí ó tó kọ àbájáde rẹ̀ ní 1947. L. David Mech, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti ń tọpa ìkookò láti 1958, tí òun alára sì ti bá wọn tan èrò náà ká, ni ó wá fi ohun tí ó rí nínú igbó tún un ṣe ní 1999: òbí àti ọmọ ni wọ́n. Ohun tí ó mú kí n fà á gùn díẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí a ń sọ yìí, ilẹ̀ ìdílé ni, oúnjẹ àwọn ọmọ ni wọ́n sì ń ṣọ́ lórí rẹ̀.

Nítorí náà ẹran tí ó wà nínú igbó ni ó ń sọ bí ilẹ̀ yóò ti tóbi tó. Níbi tí àgbọ̀nrín bá pọ̀ sí, ilẹ̀ kékeré á tó. Níbi tí ẹran bá ti fọ́nká, wọn á nílò ilẹ̀ tí ó gbòòrò. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti rí agbo kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà 33 níbùú lóròó lọ, nígbà tí wọ́n rí òmíràn ní Alaska tí tirẹ̀ ju 6,000 lọ. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Minnesota wà láàárín 100 sí 300. Ẹ fa ìlà láti Ilé-Ifẹ̀ dé Iléṣà, kí ẹ sì fún un ní fífẹ̀ kìlómítà mẹ́wàá: gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ ti ìkookò mẹ́fà tàbí méje péré.

Báwo ni ẹranko méje ṣe ń ṣọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Roger Peters àti Mech tọ ojú ẹsẹ̀ ìkookò lórí yìnyín ní igbó ìjọba tí à ń pè ní Superior, ní Minnesota, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1975. Ohun tí wọ́n rí nìyí. Agbo ń lọ lójú ọ̀nà tí ó ti mọ́ wọn lára. Bàbá dúró níwájú kùkùté igi kan ní oríta, ó gbóòórùn rẹ̀ yí ká, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, ó sì tọ̀ sí i lára. Ìtọ̀ náà kò pọ̀, kì í ṣe ti ẹranko tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Ìyá tẹ̀lé e, òun náà tọ̀ sí ojú ibẹ̀ gan-an. Nígbà mìíràn ọ̀kan nínú wọn á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha ilẹ̀ kíkankíkan tí yìnyín àti erùpẹ̀ á fi fò sẹ́yìn, nítorí pé òórùn kan wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn tí ó ń kù sórí ilẹ̀ tí wọ́n bá ha. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjá lọ. Bí a bá pín gbogbo àmì wọ̀nyí, ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ilẹ̀ híha, sórí ọ̀nà tí wọ́n rìn, nǹkan bíi mítà 240 ni ó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Àwọn òbí ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọ kàn ń tẹ̀lé wọn ni.

Apá tí ó wù mí jù nínú ìwádìí náà ni ti etí ilẹ̀. Àmì tí ó wà lẹ́bàá ààlà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí ó wà láàárín. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ìkookò bá gbóòórùn àjèjì, kì í lè ṣe é kí ó má fi tirẹ̀ lé e. Aládùúgbò náà á tún dé, á tún dá a padà. Báyìí ni òórùn agbo méjì ṣe ń pàdé ní etí ilẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ibikíbi tí ìkookò bá dúró sí, imú rẹ̀ á sọ ibi tí ó wà fún un: bí ó bá jẹ́ òórùn ilé nìkan ni ó ń gbọ́, àárín ilẹ̀ ni ó wà, bí òórùn méjèèjì bá dàpọ̀, ó ti dé ààlà, bí ó bá jẹ́ ti àjèjì nìkan, kí ó yáa padà.

Àgbẹ̀ Ifẹ̀ tí ó fi pẹ̀rẹ́gún pààlà oko kòkó rẹ̀ lè lọ sùn, torí pẹ̀rẹ́gún náà á wà níbẹ̀ de ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìkookò kò rí irú rẹ̀ gbìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, òórùn tí ó fi sílẹ̀ á ti rọ, nítorí náà kò gbọdọ̀ pẹ́ kí ó tó tún yí ká. Agbo tí àìsàn tàbí ikú òbí bá dá dúró fún ìgbà díẹ̀, àwọn aládùúgbò á gbọ́ ọ nínú òórùn pé kò sí ẹni tí ó wá mọ́, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olóòtú. Ọjà Àtákúnmọ̀sà ní Iléṣà ni mo ti ń ta aṣọ, ọdẹ sì ni bàbá tó bí bàbá mi lọ́mọ. Ó máa ń sọ fún wa pé bí ajá bá ń hu lóru, ó rí nǹkan ni. Ìkookò náà ńkọ́? Ṣé ogun ni wọ́n ń pè bí wọ́n bá ń hu? Àti pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n máa ń pa ara wọn nítorí ilẹ̀?

ÈSÌ: Ẹ kú ọjà, Ìyá Aláṣọ. Ìdáhùn sí èkejì ni bẹ́ẹ̀ ni. Ní ti èkíní, ogun kọ́. Kí ogun má baà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ṣe ń hu.

Òórùn ń sọ ẹni tí ó gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tí onítọ̀hún wà báyìí. Ohùn ni ó ń sọ ìyẹn. Nínú igbó, híhu agbo kan lè dé nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá, ó sì lè dé mẹ́rìndínlógún ní gbangba ilẹ̀ tí kò ní igi. Fred Harrington àti Mech lo ọ̀pọ̀ òru ní Minnesota tí wọ́n ń fi ẹnu ara wọn hu sí àwọn ìkookò láti mọ ohun tí wọn yóò ṣe. (Ó wù mí kí n ti wà nítòsí, kí n gbọ́ àgbà ọ̀mọ̀wé tí ó ń hu bí ajá lọ́gànjọ́ òru.) Ní 1979 wọ́n kọ ọ́ pé agbo tí ó bá pọ̀, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹran tí kò fẹ́ fi sílẹ̀, ni ó máa ń yára dáhùn tí ó sì máa ń dúró ti ilẹ̀. Èyí tí kò bá ní nǹkan tí ó ń ṣọ́ á pa ẹnu mọ́, á sì rọra yẹ̀ kúrò. Agbo méjì tí wọ́n bá gbọ́ ohùn ara wọn ti mọ ọ̀nà tí wọn kò gbọdọ̀ gbà, wọn kò sì ní pàdé.

Bí wọ́n bá pàdé ńkọ́? Ibi tí a ti rí i kedere jù lọ ni ọgbà ẹranko ìjọba tí à ń pè ní Yellowstone, ní Amẹ́ríkà. Ní 1926 ni wọ́n pa àwọn ìkookò tí ó kù níbẹ̀. Ní 1995, ìjọba kó mẹ́rìnlá wá láti Alberta ní Kánádà, wọ́n sì kó mẹ́tàdínlógún kún un láti British Columbia ní 1996. Ọ̀kan nínú àwọn agbo àkọ́kọ́, Crystal Creek, tẹ̀dó sí àfonífojì Lamar, níbi tí ẹran pọ̀ sí jù. Kò ju ọdún kan lọ tí agbo tuntun, Druid Peak, fi dé bá wọn níbẹ̀. Wọ́n pa bàbá agbo Crystal Creek, àwọn tí ó yè sì ṣí lọ sí àfonífojì Pelican. Láti ìgbà náà Lamar di ti Druid Peak, agbo náà sì bí sí i títí ó fi di mẹ́tàdínlógójì ní 2001, iye tí ó ṣọ̀wọ́n láàárín ìkookò. Iye yẹn kò pẹ́ kí ó tó tú ká. Nígbà tí ó máa fi di 2010, àrùn awọ tí ń mú irun re àti ìkọlù àwọn agbo mìíràn ti pa Druid Peak run, ilẹ̀ náà sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nínú ọgbà yẹn, níbi tí ọdẹ kò ti gbọdọ̀ yìnbọn, ìkookò ni ó ń pa ìkookò jù láàárín àwọn ikú tí kì í ṣe ti ọwọ́ ènìyàn. Kira Cassidy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣe àkójọ àwọn ìjà wọ̀nyí, rí i pé agbo tí ó pọ̀ ju èkejì lọ ni ó sábà máa ń borí, bí ẹnikẹ́ni á ti rò. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé agbo tí ó bá ní ìkookò tí ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́fà nínú máa ń borí ju bí iye rẹ̀ ti fi hàn lọ. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ti mọ òwe tí ó yẹ kí n pa síbí, nítorí náà n kò ní pa á.

Ìbẹ̀rù ìjà yìí ní èso kan tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ìkookò kì í fẹ́ pẹ́ ní etí ilẹ̀ rẹ̀. Nínú ìkookò méjìlélógún tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pa láàárín ọdún tí Mech fi wò wọ́n ní igbó Superior, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí ó kú láàárín kìlómítà 3.2 sí ààlà. Nítorí bẹ́ẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ ilẹ̀ kan máa ń wà láàárín agbo méjì, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà méjì, tí agbo méjèèjì ń yára gbà kọjá. Ní 1977 ni Mech kọ ọ́ pé nígbà tí àgbọ̀nrín dínkù gidigidi ní agbègbè náà, inú tẹ́ẹ́rẹ́ ilẹ̀ wọ̀nyí ni èyí tí ó ṣẹ́kù ti yè. Irú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ láàárín ènìyàn lórí ilẹ̀ kan náà: Harold Hickerson ti kọ ní 1965 pé ní ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn ẹ̀yà Chippewa àti Sioux ń bá ara wọn jagun, àgbọ̀nrín pọ̀ yanturu lórí ilẹ̀ tí ẹ̀yà méjèèjì ń bẹ̀rù láti dẹ. Nígbà tí wọ́n bá ṣe àdéhùn àlàáfíà, àwọn ọdẹ á wọlé, àgbọ̀nrín á sì run.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Bí gbogbo ilẹ̀ bá ti ní olówó, níbo ni ọ̀dọ́ ìkookò tí ó fẹ́ dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀ yóò gbà?

ÈSÌ: Ọ̀rẹ́ mi, ìbéèrè ẹni tí ń wá yàrá ní Màyìírè ni ìwọ bi mí yìí. Láàárín ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn ń jáde nílé. Láti ọjọ́ náà, ìwà wọn á yí padà: wọn kì í tọ̀ sí oríta, wọn kì í dáhùn bí agbo bá hu, wọn sì máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà tí àwọn onílẹ̀ ń gbà. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun kọjá. Àwọn kan á rí opó tàbí akọ tí ìyàwó rẹ̀ kú, wọn á sì bọ́ sí àyè ẹni tí ó lọ. Àwọn kan á gé etí ilẹ̀ òbí wọn mú. Àwọn ìyókù ń rìn títí wọn á fi dé ibi tí òórùn ẹnikẹ́ni kò sí.

Èyí tí ó rìn jù nínú àwọn tí mo mọ ìtàn wọn ni Slavc. Hubert Potočnik ti yunifásítì Ljubljana so ẹ̀rọ tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn ní gúúsù Slovenia ní 2011. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ó fi ilé sílẹ̀. Ó kọjá títì márosẹ̀, ó la odò Drava kọjá, ó gun àwọn òkè Alps ní Austria nínú yìnyín, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí Itálì lẹ́yìn ìrìn tí ó ju 1,000 kìlómítà lọ. Ní 2012 ó dúró sí Lessinia, lókè ìlú Verona, níbi tí kò ti sí agbo kankan, abo kan tí òun náà dá wà sì wà níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ pè é ní Giulietta. Ní 2013 wọ́n bímọ.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí irú méjì bẹ́ẹ̀ bá pàdé ni pé ẹnu tí ó ti dákẹ́ á ṣí. Kò sí ìkookò tí ń fi àmì sílẹ̀ tó tọkọtaya tuntun; ìwádìí tí Rothman àti Mech ṣe ní Minnesota fi hàn pé wọ́n ń ṣe é ju agbo tí ó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òkè òkun nìkan ni ìkookò wà? Láti Ẹrẹ́jà, Iléṣà.

ÈSÌ: Rárá o. Ní Ethiópíà, lórí àwọn òkè Bale, irú kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn, èyí tí àgbà rẹ̀ tí ó kù láyé kò pé 500. Eku ni oúnjẹ rẹ̀, olúkúlùkù sì ń dá tirẹ̀ dẹ, síbẹ̀ gbogbo agbo máa ń péjọ ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, wọn á jọ yí ààlà ká, wọn á sì tọ̀ sí i. Nítorí pé eku pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ agbo kan kì í sábà ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà níbùú lóròó lọ.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú làálàá. Àgbẹ̀ ni mí ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Mo gbọ́ pé wọ́n ń ta ìtọ̀ ìkookò nínú ìgò ní Amẹ́ríkà. Ọmọ mi wà níbẹ̀. Ṣé kí ó rà á ránṣẹ́, kí n fi lé ọ̀yà kúrò nínú oko ẹ̀gẹ́ mi?

ÈSÌ: Òótọ́ ni pé wọ́n ń tà á, Bàbá, ẹ kú oko. Wọ́n tilẹ̀ ti dán irú rẹ̀ wò lára ìkookò fúnra wọn. Ní ìpínlẹ̀ Idaho, David Ausband àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ìkookò àjèjì, wọ́n sì fi í pààlà nínú ilẹ̀ àwọn agbo kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2010, àwọn agbo náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ààlà ọ̀hún, títí kan agbo kan tí ó ti ń pa àgùntàn lọ́dọọdún láti 2006. Nígbà tí ó di 2011, wọ́n kọjá rẹ̀. Èrò tèmi ni pé òórùn tí kò ní eyín lẹ́yìn kì í pẹ́ kí àwọn tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tó já a.

Ọ̀yà tiyín kò ní onílẹ̀ kankan tí yóò bẹ̀rù nínú òórùn náà. Ẹ sọ fún ọmọ yín kí ó fi owó ìgò ìtọ̀ náà ránṣẹ́ sí yín lówó, kí ẹ fi ra wáyà ọgbà, kí ẹ sì ro etí oko yín mọ́ tónítóní, nítorí inú koríko gíga tí ó wà ní etí oko ni ọ̀yà ń fara pamọ́ sí kí ó tó wọlé.